"Kì í ṣe ẹjọ́ eléyín gan-an-gan": ohun tí òwe náà ń sọ, àti ohun tí a lè pe ọ́tísíìmù ní Yorùbá

Obìnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá sílé ní Ìjẹ̀bú nígbà Kérésìmesì. Àwọn dókítà lọ́hùn-ún ti sọ fún un láti ọdún méjì sẹ́yìn pé ọlọ́tísíìmù (autism) ni ọmọ náà, ìyẹn ni pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń gba ariwo, ọ̀rọ̀ àti ìbáṣepọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n lọ síbi ìkómọ kan nínú ẹbí. Bí onígángan ṣe fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ báyìí, ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó kó sábẹ́ tábìlì, ó ń mi ara síwá sẹ́yìn, ó ń kùn bí oyin. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ní, "Ẹ tètè yẹ ọmọ yìí wò o, ẹlẹ́gbẹ́ ni." Ẹlòmíràn ní dìndìnrìn ni. Baba àgbà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wá gbójú sókè, ó ní: "Kì í ṣe ẹjọ́ eléyín gan-an-gan, òrìṣà ló ṣe é tí kò fi awọ bò ó." Ni gbogbo wọn bá dákẹ́.

Obìnrin yìí ní òun kò mọ̀ bóyá baba gbèjà ọmọ òun ni, tàbí ó fi òwe bú u kún èébú tó wà nílẹ̀. Ó tún béèrè ohun kejì: kí ni òun lè pe ọ́tísíìmù ní Yorùbá bí òun bá ń bá ìyá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí kò ní dún létí bí èébú, tí kò sì ní dún bí àrùn?

Ìyá ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Baba gbèjà yín ni, ó sì gbèjà yín dáadáa.

Eléyín gan-an-gan ni ẹni tí eyín rẹ̀ yọ síta débi pé ètè kò lè pàdé lórí rẹ̀. Ètè yẹn ni òwe pè ní awọ. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, eyín ń hàn. Bó bá ń sunkún, eyín ń hàn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ lọ́wọ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó ń fi òkú ṣẹ̀sín. Òwe wá ní kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé kò jẹ̀bi, ẹ má pè é lẹ́jọ́. Ẹ wo ẹni tí òwe náà kọjú sí. Kò bá eléyín wí rárá. Ẹni tó ń fi eléyín ṣe ẹlẹ́yà ló ń bá wí. Ó ní bí o bá ní ẹjọ́ láti rò, gbé e lọ síwájú ẹni tó dá a bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ lọ pe òrìṣà lẹ́jọ́? Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi dákẹ́.

Òrìṣà tí òwe ń tọ́ka sí ni Òrìṣà-ńlá, Ọbàtálá, Alámọ̀rere. Òun ni àwọn baba wa gbà pé ó ń fi amọ̀ mọ ara èèyàn kí Olódùmarè tó mí èémí sí i. Látinú èrò yẹn ni àdúrà tí wọ́n ń gbà fún aláboyún ti wá: "Kí òrìṣà ya ọnà ire kò wá o." Iṣẹ́ ọnà ni oyún lójú wọn, ẹnì kan wà nínú níbẹ̀ tó ń gbẹ́ ẹ, tó ń fín in. Ìtàn sì sọ pé òùngbẹ gbẹ Ọbàtálá lọ́jọ́ kan, ó mu ẹmu yó, ọwọ́ rẹ̀ kò wá dúró lórí amọ̀ mọ́. Ọjọ́ yẹn ló mọ arọ, ó mọ abuké, ó mọ àfín. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, ó fi ẹmu ṣe èèwọ̀ títí láé, ó sì ní tòun ni gbogbo àwọn tí òun mọ lọ́jọ́ náà. Ẹni òrìṣà ni a ń pè wọ́n. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, Ọbàtálá ló fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan kò fẹ́ràn ìtàn yìí, wọ́n ní ó ń sọ pé àṣìṣe ọtí ni abuké. Mo gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí ìyà jẹ nínú ìtàn náà. Abuké kò san nǹkan kan. Ìyá abuké kò san nǹkan kan. Òrìṣà ló fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀bi, títí di òní olónìí, olórìṣà rẹ̀ ni kì í mu ẹmu. Mo ti gbọ́ ìtàn púpọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé ìdí tí ẹnì kan fi yàtọ̀ sí ẹlòmíràn, díẹ̀ ló wà nínú wọn tó gbé gbogbo ẹrù kúrò lórí ìyá ọmọ báyìí.

Ohun tí baba yẹn ṣe ju pé ó rántí òwe lọ o. Eyín gan-an-gan, iké, ara funfun, ojú lásán ń rí wọn. Ọ́tísíìmù kì í hàn lára. Ọmọ yín gún régé, ó rẹwà, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ pé. Nítorí ara rẹ̀ pé, àwọn tó wà níbẹ̀ kò rántí Ọbàtálá. Ẹgbẹ́ ọ̀run ni wọ́n rántí. Baba ló na òwe náà gùn títí ó fi kan ọpọlọ. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó mọ eyín náà ló mọ etí tí ìlù ń dùn jù, ló mọ ẹnu tí kì í tètè sọ̀rọ̀. Èmi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni lo òwe yẹn báyìí rí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ baba.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà àti àwọn bíi tiwọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá pe ọmọ ní ibi tó ń darí ọwọ́ wa sí.

Bí a bá pè é ní ẹlẹ́gbẹ́ tàbí emèrè, a ti sọ pé ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ lọ́run tó ń pè é padà. Láyé àtijọ́, sàráà ni wọ́n máa ń ṣe: wọn á din àkàrà, wọn á wá ìrèké àti ẹ̀pà, wọn á kó àwọn ọmọ kéékèèké jọ kí wọ́n wá jẹ. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára, ọmọ á tilẹ̀ rí àkàrà jẹ. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Lónìí, ọ̀rọ̀ kan náà lè gbé ọmọ lọ sí ibi tí wọn á ti fi ààwẹ̀ dè é, tí wọn á máa lu agogo sí i létí, tí èèyàn mẹ́wàá á máa pariwo lé e lórí, tí wọn á máa na ẹ̀mí òkùnkùn jáde lára rẹ̀. Ọmọ tí ariwo gángan kan ṣoṣo sọ sábẹ́ tábìlì! Bó bá ké, wọ́n á ní ẹ̀mí náà ló ń ké. Bó bá dákẹ́ nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní ó ti jáde. Mo mọ ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ti ń sọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rìnlá kí wọ́n tó gbé e lọ fún irú ìtúsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méje. Nígbà tí wọ́n dé, kò sọ nǹkan kan fún oṣù mẹ́ta. Ìyá náà ń ka àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlá ọ̀hún fún mi lórí ìka: omi, bọ́ọ̀lù, mọ́mì, iná…

Bí a bá pè é ní dìndìnrìn, owó ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ yẹn ń gé. Bàbá á ní kí ni a fẹ́ ná owó lé e fún. Wọn á ra ìwé fún àbúrò rẹ̀, òun á wà nílé. Tí wọ́n bá sì pè é ní odi, ẹnikẹ́ni kò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́, wọn á máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé igi ló wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ kì í ṣe adití. Àwọn ọlọ́tísíìmù kan wà tí wọn kò fi ẹnu sọ̀rọ̀ rí, tí wọ́n wá kọ́ láti máa tẹ ọ̀rọ̀ sórí ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n dàgbà, tí wọ́n sì sọ fún ayé pé àwọn ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lójú àwọn láti kékeré.

Èyí tó dùn mí jù ni aláìlẹ́kọ̀ọ́, nítorí ìyá ni ọ̀rọ̀ yẹn ń nà. Nílé wa, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà, aláfojúdi ni. Ohun tí àwọn dókítà òyìnbó tètè máa ń kíyè sí, pé ọmọ kì í wo èèyàn lójú, ó lè pẹ́ gan-an kó tó jọ wá lójú. A tilẹ̀ lè yìn ín pé ó mọ ìtìjú. Ìkíni ló máa ń kó o sí wàhálà. Ọmọ kò dọ̀bálẹ̀, kò dáhùn "ẹ káàárọ̀", ó gba ẹ̀bùn kò dúpẹ́, ó fi ọwọ́ òsì gbà á pàápàá. "Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù kú ilé." Ni ojú gbogbo ilé á bá lọ sára ìyá. A sì ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ fún ìyẹn: ọmọ tó dára, ti bàbá ni, èyí tí kò dára, ti ìyá ni. Pàṣán á jáde. Ọmọ kò mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ na òun, ìyá sì mọ̀ pé òun náà ni wọ́n ń nà.

Kò yẹ ká rò pé àwa nìkan la ṣe èyí. Ní 1943, dókítà Leo Kanner ní Baltimore kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 tí ó kíyè sí pé wọ́n jọra, ibẹ̀ ni ayé ìṣègùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ọ́tísíìmù pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òtútù wà lára àwọn òbí wọn, pé ìfẹ́ wọn kò gbóná. Ọ̀rọ̀ yẹn dàgbà di ohun tí wọ́n ń pè ní ìyá fìríìjì. Fún nǹkan bí ogún ọdún, Bruno Bettelheim ní Chicago àti àwọn bíi tirẹ̀ ń sọ fún àwọn ìyá pé àìnífẹ̀ẹ́ wọn ló sọ ọmọ wọn dà bẹ́ẹ̀. Bàbá kan, Bernard Rimland, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì jẹ́ ọlọ́tísíìmù, ló gbé ìwé jáde ní 1964 láti fi hàn pé láti inú ara ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, pé ìyá kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹnu òyìnbó àti ẹnu tiwa pàdé lórí obìnrin kan náà?

Ibì kan tún wà nínú èdè wa tó yẹ ká dúró wò dáadáa, nítorí kì í ṣe èébú rárá, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni. Bí ara ọmọ kò bá yá, kí là ń béèrè? "Kí ló ṣe é?" Bí Yorùbá ṣe máa ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ebi ń pa mí. Orí ń fọ́ mi. Òtútù ń mú mi. Ohun tó ń dààmú wa ló máa ń ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn, àwa la máa ń gbà á lára. Nítorí náà bí ẹ bá ní "ọ́tísíìmù ló ń ṣe ọmọ mi," ọ́tísíìmù ti di ẹni tó dúró síta tó ń da ọmọ láàmú. Láti "kí ló ṣe é" sí "ta ló ṣe é", ìṣísẹ̀ kan ni. Ẹni tó gbọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ ti ń wo ojú ìyàwó bàbá, ó ti ń wo ojú ìyá ọkọ. "Wọ́n ti ṣe é" ni yóò sọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé mélòó ló ti tú báyìí, tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò kí ara wọn mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ìṣe kékeré kan ṣoṣo, "ṣe"?

Rédíò náà ń bá wa dá kún un. Ní April 2 ọdọọdún, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọ́tísíìmù láti 2008, ẹ tẹ́tí sí àwọn tó ń ka ìròyìn: "àwọn ọmọ tó lùgbàdì àrùn ọ́tísíìmù." Lùgbàdì! Bí ẹni tó kó sọ́wọ́ adigunjalè. Àrùn ni ohun tó dé bá ara tó ti wà tẹ́lẹ̀, tó sì yẹ kó lọ. Ọ́tísíìmù kì í dé bá ọmọ. Ó bá ọmọ wáyé. A kì í kó o lára ẹnikẹ́ni. Kò sí agbo tó ń wẹ̀ ẹ́ nù. Bí òbí bá gbọ́ àrùn, olóògùn ló máa wá, owó á máa lọ. Ohun tó sì lè ran ọmọ lọ́wọ́ gan-an, ìyẹn ẹni tó mọ bí a ti ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ, olùkọ́ tó ní sùúrù, ibi tó parọ́rọ́, owó á ti tán kó tó kàn án.

Ìjọba pàápàá pẹ́ kó tó yí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà. Òfin tí Nàìjíríà fi ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọpọlọ láti ayé amúnisìn, òfin wèrè ni orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é títí di January 2023 tí Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun. Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara tàbí ọpọlọ ti wà láti January 2019. Owó ìtanràn wà nínú rẹ̀, ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀. Ilé ìwé tó bá lé ọmọ yín nítorí pé ó jẹ́ ọlọ́tísíìmù ń tẹ òfin yẹn lójú.

Ẹ lè sọ pé, ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní àkàndá ẹ̀dá. Ọ̀rọ̀ náà dára, ó sàn ju aláàbọ̀ ara lọ fíìfíì, nítorí pé àbọ̀ ni aláàbọ̀ ara ń pe èèyàn, bí ẹni pé ìdajì ló dé ayé. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí mò ń kíyè sí. Ẹni tó bá pe ọmọ ní àkàndá ẹ̀dá, tó pe ìyá rẹ̀ ní akọni obìnrin, ó máa ń tètè dìde lọ lẹ́yìn náà. Ìyá kò tíì sùn láti àná, ọmọ kò jẹ nǹkan kan ju búrẹ́dì funfun lọ láti ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ẹni tó máa bá a mú un fún wákàtí kan péré kó lè lọ sọ́jà. Ẹ jẹ́ kí ìyá lè sọ pé ó rẹ òun, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ dídùn pa á lẹ́nu mọ́. Àti "ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wò ó sàn": mo mọ̀ pé ọkàn rere ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ lójoojúmọ́ pé ohun kan wà lára òun tí gbogbo ayé ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú kúrò.

Kí ni àwọn ọlọ́tísíìmù fúnra wọn sọ? Láàárín àwọn tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìjà ńlá ti wà lórí èyí. Àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fẹ́ kí a máa sọ pé "ẹni tó ní ọ́tísíìmù", kí èèyàn lè ṣáájú nínú gbólóhùn. Jim Sinclair, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọlọ́tísíìmù, ta ko èyí láti àwọn ọdún 1990: a kì í gbé ọ́tísíìmù bí ẹni gbé báàgì, a kò lè sọ ọ́ kalẹ̀ kí á sì tún jẹ́ ẹni tí a jẹ́. Ó tún sọ fún àwọn òbí ní 1993 pé kí wọ́n má ṣe ṣọ̀fọ̀ àwọn, nítorí àwọn kò kú. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2016, tí wọ́n bi èèyàn 3,470, rí ohun kan náà: àwọn àgbàlagbà ọlọ́tísíìmù fẹ́ràn kí a pè wọ́n ní ọlọ́tísíìmù tààrà, àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ "ẹni tó ní". Wọn kò fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀ gbà sí hàn.

Nínú Yorùbá, ìjà yẹn kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí "oní" tiwa kò mọ èébú yàtọ̀ sí oyè. Olówó, onílé, alágbára, oníwárápá, onígbèsè: gbogbo wọn ni "oní" gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tó bá tẹ̀ lé e ló ń sọ bóyá èèyàn máa rẹ́rìn-ín tàbí máa sunkún. Nítorí náà ọlọ́tísíìmù kò ní ẹ̀gbin lára. Àwa la máa pinnu ohun tó máa dún bí, nípa bí a ṣe ń fẹnu sọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń bà á jẹ́ báyìí; bí ẹnì kan kò bá tètè gbọ́ àwàdà, wọ́n á ní "ṣé ọ́tísíìmù ń ṣe ẹ́ ni?" Bí wọ́n ṣe ba adẹ́tẹ̀ jẹ́ nìyẹn, bí wọ́n ṣe ba arọ jẹ́. Ẹ bá àwọn ọmọ yín wí bí ẹ bá gbọ́ ọ.

Ẹ má sì rò pé àwọn ọmọdé nìkan là ń sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2021, bí ẹnì kan nínú èèyàn 127 ló jẹ́ ọlọ́tísíìmù. Bí èèyàn 300 bá wá síbi ìkómọ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹni méjì nínú wọn rí bíi ti ọmọ yín, kí wọ́n sì jẹ́ àgbàlagbà. A ti ní orúkọ fún wọn tipẹ́: aládàáwà, agbéraga tí kì í kí èèyàn, ẹni tí ìwé yí lórí. Bóyá ọ̀kan nínú wọn ló jókòó nínú mọ́tò ní ìta títí ìlù fi dákẹ́, tí àwọn ará ilé ń sọ pé ìgbéraga rẹ̀ ti tún dé.

Ọmọ àkọ́kọ́ nínú àwọn 11 tí Kanner kọ̀wé nípa wọn ń jẹ́ Donald Triplett, ará Forest ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú, wọ́n ní kí àwọn òbí rẹ̀ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn òbí lọ gbé e padà. Ó dàgbà sínú ìlú tó mọ̀ ọ́n. Ó ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó wa mọ́tò, ó gbá gọ́ọ̀fù, ó rìnrìn àjò lọ sí orílẹ̀-èdè púpọ̀, ó kú ní 2023 lẹ́ni ọdún 89. Òótọ́ ni pé àwọn òbí rẹ̀ lówó. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló ń mú kí ará ìlú fi orúkọ ọmọ pe ọmọ.

Nípa ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ ń wá: orúkọ tí òyìnbó fún un, inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú un, "ara ẹni" ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá tú u báyìí, ìdáwà tàbí ìmọtara-ẹni ló máa dà, èébú tuntun nìyẹn. Àwọn Māori ní New Zealand ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2017, Keri Opai tó kó ọ̀rọ̀ ìlera jọ ní èdè wọn mú takiwātanga jáde. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé èèyàn wà ní àyè tirẹ̀ àti ní àkókò tirẹ̀. Èmi ò ní kí a jí ọ̀rọ̀ wọn. Mo fẹ́ kí ẹ rí bí ọ̀rọ̀ náà kò ṣe pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ó jọ òwe baba.

Títí a ó fi rí tiwa, mo ní kí ẹ máa pè é ní ọ́tísíìmù bó ṣe wà, bí a ṣe ń pe ṣúgà ní ṣúgà, kí ẹ wá fi gbólóhùn Yorùbá tó mọ́ ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ sọ fún ìyá yín lórí fóònù pé: "Màámi, ọlọ́tísíìmù ni. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ṣe é. Ariwo tí kò ju bó ṣe yẹ lọ létí tiwa, ó máa ń pọ̀ jù létí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí i, ẹ má dì mọ́ ọn lójijì, ẹ na ọwọ́ kí ẹ dúró dè é." Ẹ kíyè sí i pé "dá" ni mo fi sọ bí ọmọ ṣe rí; "ṣe" tó wà níbẹ̀, mo fi kọ̀ ọ́ ni. "Dá" ló wà nínú ẹ̀dá. Kò sí ẹni tó ń béèrè ọ̀tá lẹ́yìn "dá". Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín níbẹ̀ pé Yorùbá ló ń dí i lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, kí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ ní Kánádà rí i pé èdè méjì kò dá ọmọ ọlọ́tísíìmù dúró ju èdè kan lọ. Bó bá pàdánù Yorùbá, màámi àgbà ló pàdánù.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin náà jẹ́ ọlọ́tísíìmù, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Títí ó fi pé ọdún márùn-ún, wọ́n ní kò kí ẹnikẹ́ni rí. Láràárọ̀, bí ìyá wa bá jáde sí pálọ̀, ọmọ náà á máa kùn láti igun tó jókòó sí, kò ní gbójú sókè. A rò pé ìkùn lásán ni. Ìyá wa tó dàgbà sínú agbo ìlù ló dúró lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná." Ó tẹ́tí. Re, mí, dò, mí, dò. Ó tún tẹ́tí. Re, mí, dò, mí, dò. Ohùn "ẹ káàárọ̀" gan-an ni, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ohùn nìkan, bí gángan ṣe máa ń sọ ọ́. Láti ìgbà tí a kò lè kà ni ọmọ náà ti ń kí i.

Ìyá wa kò sọ nǹkan kan fún wa. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi imú kùn ún padà fún un.

Ẹ bá mi kí baba yẹn bí ẹ bá tún dé Ìjẹ̀bú.